Ìkìlọ̀: ẹ má ra "chip" tí wọ́n ní ó ń fi agbára kún ẹ́ńjìnì, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n yọ catalyst yín (ohun tó ń fọ èéfín mọ́ lábẹ́ ọkọ̀)

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Corolla, Camry, Golf àtàwọn ọkọ̀ àtijọ́ yòókù, ẹ dákun, ẹ ka èyí kí ẹ tó náwó. Láàárín Múṣin sí Ìkẹjà, àwọn kan ń ti ilé epo kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n tún ń polówó lórí WhatsApp, pé àwọn á sọ ọkọ̀ tí kò fà mọ́ di ọkọ̀ tó ń sáré, tí epo tó ń jẹ á sì tún dín kù. Iṣẹ́ rẹwáyà ni mò ń ṣe, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń wọ́ àwọn ọkọ̀ náà wá lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bà á jẹ́ tán. Gbájúẹ̀ pọ́ńbélé ni.

Mo mọ ohun tó ń jẹ́ kí èèyàn dá wọn lóhùn. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà tí a ń rà ní iye tí kò tó ₦200 fò kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, nígbà tó fi máa di ìparí 2024 ó ti lé ní ₦1,000 lọ́pọ̀ ibi. Ta ló máa gbọ́ pé epo òun lè dín kù tí kò ní dúró? Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú wa.

Ike kékeré kan ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń tà, òun ni wọ́n ń pè ní chip. Wọ́n á kì í bọ ojú ibi tí a máa ń ki skánà (ẹ̀rọ tó ń ka àìsàn ọkọ̀) bọ̀ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Wọ́n á ní ó ń bá brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì, sọ̀rọ̀, pé ó máa kọ́ bí ẹ ṣe ń wakọ̀, tí ẹ bá ti rin nǹkan bí 200 kìlómítà, agbára á dé. Iná kékeré á máa ṣẹ́jú lára ẹ̀, èèyàn á rò pé iṣẹ́ ló ń ṣe.

Mo tú ọ̀kan tí oníbàárà mi gbé wá. Kí ẹ mọ̀ pé ibi tí a ń ki skánà bọ̀ yẹn ní ojú 16. Ojú kẹrin àti ìkarùn-ún ni earth, ojú ìkẹrìndínlógún ni iná bátìrì ń gbà wá. Ojú kẹfà àti ìkẹrìnlá ni brain box fi ń sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ tó bá ń lo CAN (ọ̀nà tí àwọn kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀), nínú ọ̀pọ̀ Toyota tó ti dàgbà, ojú keje ni. Nínú èyí tí mo tú, kò sí ẹ̀yà kankan tó lè fèsì fún brain box, yálà láti ojú kẹfà tàbí láti ojú keje. Bọ́tìnì tí wọ́n ní kí èèyàn tẹ̀, iná tó ń ṣẹ́jú yẹn nìkan ló so mọ́. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ lókè òkun náà ti tú irú ẹ̀ wò, ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ kò yàtọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yí ètò inú brain box padà lóòótọ́ gbọ́dọ̀ ní fáìlì ti ẹ́ńjìnì yẹn gan-an. Kò sí bí ike kan ṣoṣo á ṣe bá Corolla, Golf àti Sienna mu.

Ẹ wá lè bi mí pé kí ló dé tí àwọn kan fi ń búra pé ó ṣiṣẹ́. Kí wọ́n tó kì í bọ̀ ọ́, wọ́n máa ń yọ orí bátìrì fún ìgbà díẹ̀. Brain box á gbàgbé gbogbo ohun tó ti kọ́ nípa epo àti afẹ́fẹ́, á tún un kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ á sì yàtọ̀ lẹ́sẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ náwó, ojú ẹ̀ á wà lára géèjì epo, kò ní tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi tàtẹ̀yìnwá. Ní ti 200 kìlómítà yẹn, kí ẹ tó rìn ín tán, nọ́ńbà wọn ò ní lọ mọ́.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni plọ́ọ̀gì. Màmá kan tó ń fi Corolla 2005 kó aṣọ lọ sọ́jà ra mẹ́rin lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní iridium ni, irin líle tó máa ń pẹ́. Mo yọ wọ́n síta. Irin àárín iridium gidi tín-ín-rín, kò tó mílímítà kan. Tàwọn màmá nípọn bíi ti plọ́ọ̀gì lásán, ó sì ti ń jẹ. Wáṣà tó wà lọ́rùn ẹ̀, ọwọ́ lásán ni mo fi yí i tó fi jáde, bẹ́ẹ̀ ti ojúlówó kì í jáde bọ̀rọ̀. Nọ́ńbà ara ẹ̀ parí sí 11, ìyẹn ni pé àlàfo ẹnu ẹ̀ yẹ kó jẹ́ 1.1 mílímítà, àmọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ní tiẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọkọ̀ náà ti ń mísì (epo ò jó dáadáa nínú ẹ́ńjìnì) nígbà tó fi dé ọ̀dọ̀ wa, kọ́ìlì kan tó ń fún plọ́ọ̀gì níná sì ti jóná.

Ẹ má fi ọkọ̀ tó ń mísì ṣeré o. Epo tí kò jó nínú ẹ́ńjìnì ń bá èéfín jáde wọ catalyst, á máa jó níbẹ̀, catalyst á gbóná kọjá ààlà títí inú ẹ̀ á fi yọ́, á dí. Nígbà tó bá dí tán, ọkọ̀ ò ní fà mọ́ lóòótọ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń padà wá.

Èyí ló ń dùn mí jù. Wọ́n á ní "catalyst yìí ló ń fún ẹ́ńjìnì yín lọ́rùn, ẹ jẹ́ ká bá yín yọ ọ́, a ò ní gba owó iṣẹ́." Platinum, palladium àti rhodium, àwọn irin olówó iyebíye, ló wà nínú catalyst, àwọn tó ń rà á sì ń kiri ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì lójoojúmọ́. Owó tí wọ́n máa rí níbẹ̀ lè ju gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ ná sórí ọkọ̀ náà lọ. Wọ́n á fi páìpù lásán rọ́pò ẹ̀, iná check engine á tàn, èéfín olóòórùn á máa dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ yín lẹ́yìn ọkọ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé catalyst ti dí, ẹ ní kó wọ̀n ọ́n: kó yọ oxygen sensor (ohun tó ń wọn oxygen inú èéfín) tó wà níwájú ẹ̀, kó fi géèjì tó ń wọn agbára èéfín síbẹ̀, kó tẹ ẹ́ńjìnì dé 2,500 rpm. Tó bá ń lé ní 3 psi lójú yín, ó ti dí nìyẹn. Tí kò bá ní géèjì, kó má fọwọ́ kàn án.

Owó chip yẹn, ẹ fi ra fíltà afẹ́fẹ́ tuntun, kí ẹ sì fọ throttle body (ẹnu tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnì) àti MAF sensor (ohun tó ń wọn afẹ́fẹ́ náà). Òògùn tí wọ́n ṣe fún MAF nìkan ni kí wọ́n fi fọ MAF, kì í ṣe epo bẹntiróòlù, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ fi aṣọ nù ún. Ẹ wọn afẹ́fẹ́ táyà. Ẹ gbé iwájú ọkọ̀ sókè kí ẹ fọwọ́ yí táyà, nítorí mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n ní kò lágbára, tó jẹ́ pé bíréèkì ló ń di táyà mú. Tí check engine bá tàn, skánà Bluetooth olówó pọ́ọ́kú á ka kóòdù rẹ̀ sórí fóònù yín: P0301 dé P0304 ń sọ sìlíńdà tó ń mísì, P0171 sì sábà máa ń jẹ́ afẹ́fẹ́ tó ń gba ibi tí kò yẹ wọlé, tàbí MAF tó dọ̀tí. Tí gbogbo ẹ̀ bá wà bó ṣe yẹ tí kò sì fà síbẹ̀, ẹ yẹ kọmpúrẹ́ṣàn wò (agbára tí ẹ́ńjìnì fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀). Tí ìyẹn bá ti lọ, kò sí ohun tí ẹ máa kì bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tó máa dá a padà.

Tí ẹ bá máa ra plọ́ọ̀gì ní Ládípọ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù tó sì máa kọ rìsíìtì ni kí ẹ lọ. Olóòótọ́ pọ̀ níbẹ̀. Ẹ yẹ wáṣà àti irin àárín wò kí ẹ tó sanwó.

Ẹni tó bá ti kó sí wọn lọ́wọ́, ẹ má pa ọ̀rọ̀ orí WhatsApp rẹ́, ẹ tọ́jú ẹ̀rí owó tí ẹ fi ránṣẹ́ àti ike náà. LASCOPA ń gba ẹ̀sùn oníbàárà ní Èkó, FCCPC ń gbà á káàkiri orílẹ̀-èdè. Tí wọ́n bá sì ṣì wà lábẹ́ ọkọ̀ yín báyìí tí wọ́n ń tú catalyst, ẹ ní kí wọ́n dè é padà lójú yín kí ẹ tó san kọ́bọ̀.