Ọ̀gá yìí mọṣẹ́, ọ́fíìsì wọn ló fẹ́ pa mí: àgbéyẹ̀wò kọ́ọ̀sì mixing orí íntánẹ́ẹ̀tì

Ǹ bá má kọ nǹkan kan rárá, ọ̀rọ̀ fídíò kan ló dà á sílẹ̀. Lẹ́yìn kíláàsì tó dùn mọ́ mi jù lọ nínú kọ́ọ̀sì mixing yìí, ìyẹn bí a ṣe ń po ohùn àti ohun èlò orin pọ̀ kí wọ́n dọ́gba, mo ní kí ọ́fíìsì wọn jọ̀ọ́ fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́, torí ó wà nínú ohun tí a sanwó fún. Èsì tó wá: "A ti rí àtẹ̀jíṣẹ́ yín, ẹ ṣeun." Mo dúró. Mo tún béèrè. Èsì kan náà, láìyí lẹ́tà kan padà. Nígbà tí èèyàn gidi wá dá mi lóhùn, ó ní línkì náà ti kú, pé wọ́n máa ń pa á rẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ò bá tètè gbà á sílẹ̀. Línkì tí ẹ ò tíì fún mi! Bí mo ṣe kọ ọ́ sí i nìyẹn. Ó ní òun gbọ́, òun á bá mi wò ó. Ó ń wò ó lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi ká mi lára tó bẹ́ẹ̀.

Orin kan wà lọ́wọ́ mi tí ohùn akọrin rẹ̀ ń rì. Tí mo bá gbé ohùn náà sókè, ó máa dà bíi pé àwọn onílù sá lọ sí yàrá kejì. Tí mo bá gbé ìlù àti gìtá tẹ̀lé e, ohùn á tún wọlẹ̀. Ọ̀gá tó ń kọ́ mi ò gba àpòpọ̀ tí mo ti ṣe. Wọ́n ní kí n kó gbogbo tíráàkì wá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bó ṣe wà látìbẹ̀rẹ̀. A pàdé lórí fídíò, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n sọ gbogbo orin náà di mono, kí gbogbo ìró gba ojú kan ṣoṣo jáde, wọ́n wá ní kí n dín volume kù débi tí a ó fi lè máa sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ láìpariwo. "Kí lẹ ń gbọ́?" Mo ní gìtá. "Kí ló tún kù?" Mo ní kíbọ́ọ̀dù. Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n pa gìtá, wọ́n ṣí i. Wọ́n pa á, wọ́n ṣí i. Wọ́n fi mí sílẹ̀ kí n fi etí ara mi gbọ́ ọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹnu èèyàn ti máa ń já gaara, láàárín 1 kHz sí 4 kHz (Hz àti kHz ni a fi ń wọn bí ìró ṣe ga sí), ibẹ̀ gan-an ni gìtá méjèèjì jókòó sí. Wọ́n fi EQ, ohun tí a fi ń dín apá kan ìró kù tàbí fi kún un, gé wọn ní nǹkan bíi 2.5 kHz, 3 dB péré (dB ni òdiwọ̀n agbára ìró). Wọ́n gé kíbọ́ọ̀dù náà ní 300 Hz, níbi tó ti nípọn jù. Wọn ò fọwọ́ kan ohùn akọrin rárá, ohùn ọ̀hún sì bọ́ síwájú. Mo gbọ́ bó ṣe mí kó tó bẹ̀rẹ̀ ìlà kejì, èémí tí mi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí. Mo pariwo! Ọ̀gá rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀yin ń gbé e sókè, àyè lòun ń wá."

Tí wọ́n bá fẹ́ dán compressor wò, ìyẹn ohun tí ń tẹ ìró tó bá lágbára jù mọ́lẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ rí i pé ohun tó jáde ò dún sókè ju ohun tó wọlé lọ, torí èyí tó bá fi díẹ̀ lágbára jù ni etí máa ń kà sí èyí tó dáa jù. Báyìí ni wọ́n ṣe tú àṣírí compressor plug-in kan (ètò kékeré tí a ń so mọ́ ètò orin lórí kọ̀ǹpútà) tí gbogbo ayé ń pọ́n. Lórí ìlù mi, attack rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń tètè tẹ ìró mọ́lẹ̀ tó, yá jù, ó ń gbé ìró igi tó ń kan awọ mì. Wọ́n fà á dé 30 ms (ìdá ọgbọ̀n nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá), ìlù tún lẹ́nu.

Volume kékeré náà lẹ́tàn tiẹ̀. Àwọn onímọ̀ nípa ìró, Fletcher àti Munson, ti fi hàn láti 1933 pé bí ohùn bá ṣe ń lọ sílẹ̀ sí i ni etí wa ń pàdánù báàsì ju ohùn àárín lọ. Ohùn akọrin ni ọ̀gá máa ń fi volume kékeré wọ̀n. Tó bá kan báàsì àti kick (ìlù ńlá tí a ń fi ẹsẹ̀ lù), wọ́n á gbé e sókè fúngbà díẹ̀, wọ́n á tún dín in kù kí etí má baà rẹ̀.

Àkókò wa ti tán tipẹ́ ní gbogbo èyí. Mo rán wọn létí, wọ́n ní kí n fi aago sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì wọ́n dá fáìlì náà padà, wọ́n kọ àlàyé sára tíráàkì kọ̀ọ̀kan, ohun tí wọ́n ṣe àti ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Ta ló ń ṣe irú ẹ̀?

Àbùkù wọn ni ìtàn. Ẹ béèrè nípa reverb, ìró tó ń dún padà bíi nínú gbọ̀ngàn, ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ti ayé téèpù, bí wọ́n ṣe ń fi abẹ́ gé e tí wọ́n ń lẹ̀ ẹ́, kí èsì tó dé. Èmi ò kọ̀ ọ́, ẹni tí ń kánjú lè bínú.

Mo tún padà sọ́dọ̀ ọ́fíìsì. Ètò ìpè fídíò máa ń ka simbali àti ìparí reverb sí ariwo, á sì nù wọ́n kúrò. Ó yẹ kí wọ́n ti sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun pé kó pa ohun tí ń dín ariwo kù kó tó wọlé. Wọn ò sọ. Kíláàsì àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣòfò, ọ̀gá fúnra wọn ló wá rí i. Mo ṣàròyé, akọ̀wé ní kí n lọ yẹ íntánẹ́ẹ̀tì mi wò. Íntánẹ́ẹ̀tì mi ṣe kí ni?

Tí ẹ bá ti lè gba ohùn sílẹ̀ fúnra yín, tí ẹ sì ní orin tí ń dà yín láàmú lọ́wọ́, ẹ lọ bá wọn. Ẹ fi ẹ̀rọ ara yín gba fídíò yín sílẹ̀. Ẹni tí ò tíì mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ nínú ẹ̀rọ, ẹ ní sùúrù ná.

Máàkì: 2 nínú 5. Mo ti sanwó ìpele kejì.