Àwòrán ẹṣin Mòǹgólíà tó wà ní pálọ̀ mi ní Gwarinpa

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí nípa àwòrán tẹ́ ẹ rí lára ògiri nínú fídíò ọjọ́ ìbí ọmọ mi, òun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ tó ti wà níbẹ̀, mo sì ti wò ó dáadáa kí n tó la ẹnu. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rà á, lọ́wọ́ àwọn kan tó ń ta iṣẹ́ àwọn ayàwòrán Mòǹgólíà. Ẹni tó yà á ń gbé ní Ulaanbaatar tí í ṣe olú ìlú wọn. Sẹ̀ǹtímítà 80 ni fífẹ̀ ẹ̀, gíga ẹ̀ jẹ́ 60, dọ́là 420 ni mo san, owó tí wọ́n fi gbé e wá ò sí nínú ìyẹn o.

Ẹṣin mẹ́rin ló dúró nínú yìnyín, ojú ọ̀run wúwo lé wọn lórí, wàá wá rí àgọ́ kan ṣoṣo lókèèrè, àgọ́ rìbìtì tí wọ́n ń pè ní ger, tí wọ́n máa ń fi irun àgùntàn tí wọ́n tẹ̀ mọ́ra bò. Àwọ̀ ọsàn ni ilẹ̀kùn ẹ̀, kò tóbi ju èékánná ọmọdé lọ, ilẹ̀kùn yẹn nìkan ló sì gbóná nínú gbogbo àwòrán náà, ìyókù tutù wọ eegun.

Ẹ má retí kí ẹṣin jọ ẹṣin bíi ti fọ́tò o. Expressionism ni wọ́n ń pe irú ẹ̀, Jámánì ló ti gbilẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ kan dá ẹgbẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ ní Dresden ní 1905, nígbà tó fi máa di 1911 Franz Marc ti ń ya ẹṣin aláwọ̀ búlúù torí bó ṣe ń ṣe é nínú ló ń yà. Ní Mòǹgólíà, fún ọ̀pọ̀ ọdún tí ìjọba kọ́múníìsì fi wà níbẹ̀, ìjọba ló ń sọ irú àwòrán tó dáa, àfìgbà tí nǹkan yí padà ní 1990 ni àwọn ayàwòrán tó ráyè mí.

Fọ́tò tí wọ́n gbé síta ò sọ ìdajì ẹ̀ rárá. Ọ̀dà yẹn nípọn! Ọ̀bẹ ló fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ kánfáàsì, ẹ̀yìn ẹṣin tó wà níwájú ga sókè, ó wá ní kòtò kéékèèké bí ẹ̀bà tí wọ́n ti ki ìka bọ̀. Irun búrọ́ọ̀ṣì kan há sínú ọ̀dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrù ẹṣin kejì, mi ò yọ ọ́, mi ò sì ní yọ ọ́ láé. Tí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ bá gba ẹ̀gbẹ́ wọlé ní bí aago méje, gbogbo gegele yẹn á ní òjìji tiẹ̀, àwọn ẹṣin náà á wá dà bíi pé wọ́n ń mí.

Màmá mi wá láti Òṣogbo nínú oṣù Kejìlá. Aláró ni ìyá tó bí wọn. Wọ́n dúró síwájú ẹ̀ pẹ́ títí, wọ́n sún mọ́ búlúù inú ẹ̀, wọ́n ní, "Aró tó mu rèé." Wọn ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi ní tèmi, Yusuf Grillo ni mo kọ́kọ́ rántí, bàbá tó fi búlúù ya àwọn obìnrin wa tàwọn ti gèlè wọn, tó wà nínú Zaria Art Society, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ayàwòrán tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1958 níbí lókè ọya. Àmọ́ búlúù Grillo máa ń fọkàn ẹni balẹ̀, èyí ń géni bí ọyẹ́ ìdájí.

Nǹkan kan wà tí ò kọ́kọ́ tẹ́ mi lọ́rùn. Kò sí ojú ẹṣin kankan níbẹ̀! Gbogbo wọn kọ ìdí sí wa, wọ́n sorí kodò, ìrù wọn lẹ̀ mọ́ ara, mo ní àbí ayàwòrán yìí ò mọ orí ẹṣin yà ni. Malam tó ń ṣọ́ géètì wa ló bá mi gbé àpótí ẹ̀ gòkè, ará Katsina ni, ilé tí wọ́n ti ń sin ẹṣin ló ti dàgbà. Ó wò ó, ó ní, "Madam, atẹ́gùn ló ń fẹ́ níbẹ̀ yẹn. Ẹṣin kì í kọjú sí ìjì, ìdí ló máa ń kọ sí i." Ara mi bù máṣọ. Torí tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé láti ẹ̀yìn wa ni ìjì yẹn ti ń bọ̀, ẹ̀yìn èmi tí mo dúró tí mò ń wò ó. Látọjọ́ yẹn ni mi ò ti lè kọjá níwájú ẹ̀ láìdúró.

Àwọn ará ibẹ̀ ní orúkọ fún ìgbà òtútù tó ń pa ẹran ọ̀sìn, dzud ni wọ́n ń pè é, èyí tó jà láàárín 2009 sí 2010 pa ẹran tó lé ní mílíọ̀nù 8. Ẹni tó ya ìdí ẹṣin mẹ́rin yìí, mo gbà pé ó ti fojú ara ẹ̀ rí i.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó tà á wá ńkọ́? Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣẹ̀ mí. Ọ̀dà yẹn ò tíì gbẹ tán tí wọ́n fi dì í, wọ́n wá fi náílọ́nù alátẹ́gùn yẹn wé e, èyí táwọn ọmọdé máa ń tẹ̀ tó máa ń dún pó-pó, ó lẹ̀ mọ́ igun ìsàlẹ̀ lápá òsì, ó sì fi àmì roboto-roboto síbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi dákẹ́ kí wọ́n tó dá mi lóhùn, "ẹ pẹ̀lẹ́" nìkan ni mo sì gbà. Ó dùn mí gan-an, iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, ẹ bi wọ́n ọjọ́ tí wọ́n yà á parí kẹ́ ẹ tó sanwó, torí ọ̀dà olóròóró tó bá nípọn tó báyìí lè gbà tó oṣù mẹ́fà sí ọdún kan kó tó gbẹ dé inú.

Kápẹ́ńtà tó ń ṣe fírémù ní Garki fẹ́ fi gíláàsì bò ó, mo kọ̀, afẹ́fẹ́ ló ń gbẹ ọ̀dà yẹn. Mi ò gbé e síbi tí oòrùn ti ń ta á tààrà tàbí síbi tí éésì ti ń fẹ́ sí i, torí igi ẹ̀yìn ẹ̀ máa ń sún kì nígbà ọyẹ́, á tún wú tí òjò bá dé. Eruku Abuja yìí náà, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó gbẹ ni mo fi ń gbọ̀n ọ́n, ẹ má fi aṣọ tútù kàn án o.

Àwòrán fúnra ẹ̀, 5 nínú 5. Bí wọ́n ṣe dì í, 2. Mo ti kọ̀wé sí wọn pé tí ayàwòrán yẹn bá tún ya òmíràn, kí wọ́n fi í sílẹ̀ kó gbẹ kí wọ́n tó sọ fún mi, ògiri tó dojú kọ èyí ṣì ṣófo.