Ọdún kan àbọ̀ pẹ̀lú àwọn tó ń bá mi ṣọ́ kọ̀ǹpútà ilé ìtẹ̀wé mi

Kọ̀ǹpútà mọ́kànlá ló wà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ṣómólú. Tẹ́lẹ̀, bí ọ̀kan bá ti dákú, ọmọkùnrin kan ládùúgbò ni mo máa ń pè. Á fọmáàtì ẹ̀, á fi Windows ayédèrú sí i, á gbowó, ó di ọjọ́ míì. Bá a ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn, títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí gbogbo iṣẹ́ oníbàárà kọ̀ tí kò ṣí mọ́: ìwé ètò ìsìnkú, káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà ìjọ. Àwọn ọ̀daràn ti tì wọ́n pa, wọ́n ní ká fi Bitcoin ra kọ́kọ́rọ́. N ò san kọ́bọ̀. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ló bá a lọ.

Ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tí mò ń sọ yìí. Owó oṣooṣù ni wọ́n ń gbà, wọn kì í dúró dìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́.

Mo rò pé wọ́n á kàn ta oògùn fáìrọ́ọ̀sì fún mi ni. Ìwé àti bírò ni wọ́n mú wá. Wọ́n ń ti ìdí tábìlì kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n ń kọ ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin nínú wọn ò tíì gba àtúnṣe (update) kankan láti ọjọ́ tí mo ti rà wọ́n, torí ẹni tó fi ayédèrú sí wọn ti dí ojú ọ̀nà tí àtúnṣe ń gbà wọlé. Ọ̀gá wọn wá rán mi létí WannaCry, fáìrọ́ọ̀sì tó ń ti fáìlì pa, táwọn tó ṣe é á sì ní ká sanwó. Oṣù kẹta ọdún 2017 ni Microsoft ti gbé àtúnṣe ihò tó ń gbà wọlé sínú Windows jáde. Oṣù karùn-ún ni fáìrọ́ọ̀sì náà jà, tó da iṣẹ́ ilé ìwòsàn ìjọba rú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oògùn ti wà nílẹ̀ fún oṣù méjì! Ní báyìí, bí àtúnṣe bá dé, wọ́n á kọ́kọ́ gbé e sórí kọ̀ǹpútà kan. Bí CorelDRAW tá a fi ń yàwòrán bá ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí rẹ̀, àwọn yòókù á gbà á lóru.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀dà fáìlì (backup) tí wọ́n ń bá wa tọ́jú ló jẹ́ kí n gbà pé wọ́n mọṣẹ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọ́n ní kí n dárúkọ iṣẹ́ kan tó wù mí, kí àwọn gbé e jáde látinú ẹ̀dà lójú mi. Mo dárúkọ kàlẹ́ńdà ìjọ kan. Wọn ò rí i. Àṣé dráìfù C nìkan ni wọ́n ń dà kọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, orí D ni àwọn ayàwòrán mi máa ń tọ́jú iṣẹ́ sí. Ara mi bù máṣọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìdánwò la rí i, kì í ṣe ọjọ́ ogun, wọ́n sì tún un ṣe lọ́jọ́ náà.

Ogun náà dé. Ọmọ tó jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù ṣí ímeèlì kan tó ní rìsíìtì owó ni òun. Kó tó pè mí, fóònù mi ti dún: "Ẹ káàsán mà. A ti yọ kọ̀ǹpútà iwájú yẹn kúrò lára àwọn tó kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á o, a fẹ́ mọ ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé." Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló fara gbá. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì, gbogbo fáìlì rẹ̀ ti padà, àyàfi iṣẹ́ àárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Ohun tí n ò fẹ́ nípa wọn: wọn kì í gbé fóònù ní Sunday, ọjọ́ tí iṣẹ́ òde àríyá máa ń há wa mọ́ra jù. Ohun kejì ń kọ mí lóminú díẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kan ló ṣí ilẹ̀kùn gbogbo oníbàárà wọn. Ní oṣù keje ọdún 2021, irinṣẹ́ Kaseya tí irú àwọn ilé iṣẹ́ báyìí fi ń ṣàkóso kọ̀ǹpútà oníbàárà ni àwọn ọ̀daràn tí wọ́n ń pè ní REvil gbà wọlé, tí wọ́n fi ti fáìlì ọ̀pọ̀ oníṣòwò pa lẹ́ẹ̀kan náà. Mo bi wọ́n léèrè. Wọ́n fi hàn mí pé ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ fi kóòdù orí fóònù kún password. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ mo ra dráìfù kan tí wọn ò lè fọwọ́ kàn. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù. Bó bá ti da iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà kọ tán, mo ń yọ ọ́, mo sì ń gbé e padà sílé.