Status WhatsApp fún àwòrán apanilẹ́rìn-ín: ó dùn, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ tún Settings ṣe

Máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún. Fún ará Èkìtì tó fẹ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀ lórí fóònù, Status dára ju Facebook lọ. Ti Facebook pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìpolówó àti fídíò tó ń dá tan kì í jẹ́ kéèyàn wo àwòrán mẹ́ta léra. Ní ti Status, ẹni tó mọ Adó, tó mọ Ìkẹ́rẹ́, ló ya fọ́tò náà: àgbò tó jókòó bí èrò lẹ́yìn ọ̀kadà, ewúrẹ́ tó sùn fọnfọn sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n kọ “Kò sí àwìn lónìí, ẹ wá lọ́la” sí, àti èyí tí kì í tán, ìyẹn abọ́ póńdò tí ọmọ Èkìtì kan l'Ékòó gbé síta pé iyán ni. Èsì tó máa ń tẹ̀lé ìyẹn kì í dùn létí, ó sì tọ́ sí i.

Dátà ni àléébù àkọ́kọ́. Bí wọ́n ṣe ṣe WhatsApp, gbogbo fọ́tò tó bá wọ gúrúùpù ló ń dá wọlé, ì báà jẹ́ gúrúùpù ẹbí tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì. Lórí Android, ẹ wọ Settings, ẹ tẹ Storage and data, lẹ́yìn náà When using mobile data. Ẹ mú àmì kúrò níwájú Photos, kí ẹ tẹ OK. Láti ìgbà náà, àwòrán á kàn hàn fírífírí, èyí tó bá wù yín nìkan lẹ ó tẹ̀. Ẹ pa Media visibility náà ní Chats, kí ewúrẹ́ má baà dà pọ̀ mọ́ fọ́tò ìgbéyàwó yín. Èyí tó ti wọlé tẹ́lẹ̀ kò ní kúrò o. Inú Manage storage lẹ ó ti pa á rẹ́.

Ti àwòrán tó ń ṣú ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn ń dá Forward lẹ́bi, ṣùgbọ́n bí àwòrán ṣe wà ni Forward ń gbé e lọ. Skirinṣọ́ọ̀tì ló ń bà á jẹ́: ẹnìkan ya ojú fóònù, ó gé e, ó tún gbé e sí Status, WhatsApp á tún dín ìwọ̀n rẹ̀ kù sí i. Tó bá ti gba ọwọ́ mẹ́rin márùn-ún kọjá, ọ̀rọ̀ ara pátákó tó gbé gbogbo ẹ̀fẹ̀ náà kò ṣeé kà mọ́, aago àti bátìrì fóònù ẹlòmíì á sì wà lókè rẹ̀. Bí àwòrán bá ní ọ̀rọ̀ lára, ẹ tẹ HD kí ẹ tó fi í ránṣẹ́. Ó ti wà láti 2023. Bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ bíi Document, WhatsApp kì í dín in kù rárá, àmọ́ fọ́tò kan lè jẹ 3 sí 5 MB. Ewúrẹ́ lásán ò nílò HD.

Èyí tó bá ti ní ọfà méjì lórí, ìyẹn àmì pé wọ́n ti fi ránṣẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ibì kan péré ló ṣeé fi ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan láti 2020. Ẹ má tiẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu, gbogbo Èkìtì ti rí i.

Wákàtí 24 ni Status ń lò kó tó pòórá, ṣùgbọ́n ó ń fi orúkọ ẹni tó wò ó han ẹni tó gbé e. Ẹni tí kò fẹ́ kí ọ̀gá mọ̀ pé aago mẹ́wàá òwúrọ̀ lòun ń wo àgbò, kó pa Read receipts ní Privacy. Òun náà ò ní mọ ẹni tó wo tirẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá sì ya ẹni tó sùn la ẹnu nínú mọ́tò, ẹ fi sítíkà bo ojú rẹ̀ kí ẹ tó gbé e síta.