Ẹ ṣọ́ra fún ajẹ́ńtì tó ń ta "Íjíbítì ọjọ́ méje" ní Wuse yìí o

Ẹ̀yin ará Àbújá, Kubwa, Lugbe, Gwarinpa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ajẹ́ńtì kan wà ní Wuse tó ń ta ìrìnàjò ọjọ́ méje sí Íjíbítì, aṣálẹ̀ àti àwókù ayé àtijọ́, ó ní gáìdì wà, hòtẹ́ẹ̀lì wà, oúnjẹ wà, owó ẹ̀ sì wálẹ̀ ju ti gbogbo èèyàn lọ. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì ní ministry san ìdajì, owó òógùn ojú wọn ni o, títí dòní tíkẹ́ẹ̀tì ò jáde, tí wọ́n bá pè é á ní "Mummy, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ́ḿbásì ló ń dá wa dúró."

Mo ní kí wọ́n fi fláyà náà ránṣẹ́ sí mi, inú bí mi gan-an. Fọ́tò tó kọ "Luxor" sí lábẹ́, Petra ni, ilé ńlá tí wọ́n gbẹ́ sára àpáta pupa yẹn, Jordan ló wà, kò sí ní Íjíbítì rárá. Ó tún ní láàárín ọjọ́ méje èèyàn á rí Giza, Luxor, Aswan, Abu Simbel, á sùn ní White Desert, á tún dé Siwa, mọ́tò sì ni gbogbo ẹ̀. Ẹ wo máàpù ná. Abu Simbel wà nísàlẹ̀ pátápátá nítòsí bọ́dà Sudan, láti Aswan débẹ̀ nìkan ju wákàtí mẹ́ta lọ, Siwa sì wà lọ́hùn-ún lápá Libya. Inú mọ́tò lẹ máa ti lo ìsinmi yín tán. Aṣálẹ̀ yẹn pàápàá, èèyàn gbọ́dọ̀ gbàṣẹ ìjọba kó tó wọ̀ ọ́, gáìdì náà sì gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ńsì ìjọba Íjíbítì, a bi í léèrè méjèèjì, kò fèsì.

Ohun tó ń pè ní tíkẹ́ẹ̀tì, bùkíǹgì lásán ni, kóòdù kan tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́fà péré ló wà níbẹ̀, ẹ́álàìnì máa ń pa irú ẹ̀ rẹ́ fúnra wọn tí owó ò bá wọlé. Tíkẹ́ẹ̀tì gidi máa ń ní nọ́ńbà gígùn kan tó jẹ́ díjíìtì 13, ti EgyptAir sì máa ń fi 077 bẹ̀rẹ̀, ẹ wá nọ́ńbà yẹn kẹ́ ẹ tó gbà pé ẹ ti ní tíkẹ́ẹ̀tì. Ó tún ń sọ pé físà á jáde ní éápọ́ọ̀tù Cairo. Páásípọ́ọ̀tù wa yìí, tí kò bá sí físà Amẹ́ríkà tàbí UK tàbí Schengen nínú ẹ̀, ẹ má gbójú lé ìyẹn, Àbújá níbí ni ẹ́ḿbásì wọn wà, ẹ lọ bèèrè fúnra yín.

Àkáǹtì tó ń gbowó sí, orúkọ ara ẹ̀ ni, kì í ṣe ti kọ́ńpìnnì, a sì wá orúkọ kọ́ńpìnnì náà lórí sáìtì CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ kọ́ńpìnnì sílẹ̀, a ò rí i.

Ẹ̀gbọ́n ti lọ sí báǹkì wọn, EFCC ní Jabi ló kàn. Ẹni tó bá ti sanwó sí àkáǹtì yẹn, ẹ má pa risíìtì àti WhatsApp ẹ̀ rẹ́, ẹ kọ sí mi ní ìnbọ́ọ̀sì ká lè jọ kó ẹ̀rí wa lọ lẹ́ẹ̀kan náà.