Ẹ ṣọ́ra o: pọ́ńpù tí wọ́n dán wò lójú yín kọ́ ni wọ́n máa dì fún yín

Ẹ̀yin ará, inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. ₦178,500 ló bá ọ̀rọ̀ yìí lọ, ìdajì rẹ̀ nìkan ni mo sì tíì lè sọ fún ìyá Tóbi.

Ẹnikẹ́ni tó bá ń wá irinṣẹ́ tí yóò fi bílíìdì bíréèkì ọkọ̀ rẹ̀ nílé (ìyẹn ni pé kó fa ọ́ìlì àtijọ́ àti afẹ́fẹ́ jáde nínú páìpù bíréèkì), kó jọ̀ọ́ ka èyí kó tó gbé ẹsẹ̀ lọ sí Muṣin tàbí ibikíbi tí wọ́n ti ń tà wọ́n. Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù tó ṣe mí báyìí, torí kò sí rìsíìtì lọ́wọ́ mi. Bẹ́ẹ̀ ni, mi ò gba rìsíìtì. Mo ti sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó bi mí.

Corolla 2006 ni mo ń lò. Bíréèkì rẹ̀ ti ń rọ̀, mo ní láti tẹ̀ ẹ́ jìnnà kó tó di ọkọ̀ mú, ọ́ìlì inú ike rẹ̀ sì ti dúdú bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Mo mọ ohun tó ń ṣe é. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ìlú tí ọ̀sà yí ká sì ni tiwa. Tí DOT 3, ìyẹn irú ọ́ìlì bíréèkì kan, bá jẹ́ tuntun, kò gbọ́dọ̀ hó kó tó dé 205°C, ṣùgbọ́n tí omi bá ti wọ̀ ọ́ dáadáa, ó lè hó ní 140. Ọjọ́ tó bá hó nínú páìpù, ẹ ó tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ yín á kàn wọlẹ̀ lásán ni. Ẹ rí i pé mi ò ṣàìmọ nǹkan kan. Ó ti lé lọ́dún mẹ́rin tí mo ti ń pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì fúnra mi nínú ọgbà wa ní Ṣómólú. Ohun tó tún ń dùn mí nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀ ni mo lọ, lẹ́yìn iṣẹ́, ilẹ̀ ti ń ṣú, àwọn kan ti ń fa ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wọn wálẹ̀. Èmi ni mo kánjú, ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí mi. "Ẹ̀gbọ́n mi," ló ń pè mí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo ní pọ́ńpù ọwọ́ tó ń fa afẹ́fẹ́ ni mo ń wá, èyí tó ní géèjì, kí n má baà máa yọ ìyàwó mi lẹ́nu pé kó wá bá mi tẹ bíréèkì. Ó mú ọ̀kan jáde láti abẹ́ káńtà. Ó fi ìka dí ẹnu ọ́ọ̀sì rẹ̀, ó fún un lẹ́ẹ̀mẹta, ọwọ́ géèjì gòkè dé 20, ó sì dúró síbẹ̀. Ó ní kí èmi náà fi ìka mi dí i. Mo fi dí i. Pọ́ńpù yẹn fa ìka mi mọ́ra bí ìgbà tí ọmọ ń mu ọmú. Mo dúró, mo wò ó, ọwọ́ géèjì ò mì. Ta ni kò ní ra irú ẹ̀? Ẹ sọ fún mi.

Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èyí tí a fi ń han kọ́sítọ́mà nìyí o, ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ti kàn án. Ẹ jẹ́ n gbé tuntun fún yín." Inú mi dùn. Ó wọ ẹ̀yìn lọ, ó gbé àpótí kan jáde tí wọ́n fi náílọ́ọ̀nù dì pinpin. Nígbà tí mo fẹ́ já a, ó rọra di ọwọ́ mi mú. Ó ní tí mo bá ti já náílọ́ọ̀nù rẹ̀, kò ṣeé dá padà mọ́, ọ̀gá òun á bínú. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn létí ara mi, mo sì fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Agbàlagbà bíi tèmi!

₦55,000 ló pè é, mo ná an dé ₦38,000. Mo ra sípánà kan sí i ní ₦9,500, mo ra ike ọ́ìlì bíréèkì méjì, ₦3,500 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kọ DOT 3 gàdàgbà sí i lára. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ ₦54,500. Owó pupa ni mo kà fún un. Ó ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa, kí n má ṣe tiransífà.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, mo fi jáàkì gbé ọkọ̀, mo ki sítáǹdì bọ abẹ́ rẹ̀. Mo fi síríńjì fa ọ́ìlì dúdú inú ike tán, mo da tuntun sí i. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ni mo ti bẹ̀rẹ̀, torí òun ló jìnnà jù sí máásítà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti ọ́ìlì lọ sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí a bá tẹ bíréèkì. Mo kọ́kọ́ fún pọ́ńpù wò. Ọwọ́ géèjì gòkè dé 10, ó sì bọ́ padà sí òdo bí ẹni tó rẹ̀. Mo tún un fún, ó tún bọ́. Mo pààrọ̀ ọ́ọ̀sì, mo fi gírísì sí ẹnu rẹ̀, mo fún un títí ọwọ́ fi ro mí. Mo ní kò burú, mo ké sí ìyá Tóbi.

Sípánà wá kù. Mo fi kọ́ nípùlù, ìyẹn nọ́ọ̀tù kékeré tó ní ihò láàárín yẹn, mo fà á. Mo rí i tí ẹnu sípánà ń là díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń la ẹnu pẹpẹyẹ, irin tí wọ́n ní ó le! Ó yọ̀, ó sì gé gbogbo igun nípùlù náà kúrò. Ó wá rí roboto bí ẹyin adìẹ. Àwọn aládùúgbò dúró lórí bákónì, wọ́n ń wò mí. Ojú tì mí. Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀, mo mọ̀ báyìí. Mo fi ẹ̀yìn sílẹ̀, mo fi sípánà mi àtijọ́ tú ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì, ìyá Tóbi ń tẹ bíréèkì, mo ń pariwo "Ẹ tẹ̀ ẹ́! Ẹ dì í mú!" láti abẹ́ ọkọ̀ títí a fi ṣe é tán. Bíréèkì le. Mo dúpẹ́.

Nígbà tó di Àìkú, mo ṣí ike ọ́ìlì bíréèkì tó wà lára ọkọ̀ láti wò bóyá ọ́ìlì ti lọ sílẹ̀. Rọ́bà abẹ́ ìdérí rẹ̀ ti wú. Ó wú débi pé kò bá ẹnu ike mu mọ́, ó ń ṣe yọ̀kọ̀tọ̀yọkọtọ létí. Mo fi àtàǹpàkò tì í wọlé, mo sì dé e. Ẹ ò rí i? Àmì ti wà níwájú mi!

Aago mẹ́fà àárọ̀ Mọ́ńdè ni mo gbéra lọ Island. Ọkọ̀ ń wúwo bí ẹni pé ẹnìkan ń fà á lẹ́yìn. Mo dé Adékúnlé, mo fẹ́ bọ́ sórí afárá Third Mainland, ni awakọ̀ dánfó kan bá yọ orí síta: "Dádì, táyà yín ń yọ èéfín!" Mo páàkì. Ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì gbóná débi pé n kò lè sún mọ́ wọn, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ibẹ̀. Ká ní mo ti wà lórí omi ńkọ́? Ọmọ mi ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi!

Ọkọ̀ tó wọ́ mi padà gba ₦20,000. Mẹkáníìkì tí mo ti bá jà lọ́dún tó kọjá, tí mo ní mi ò ní nílò rẹ̀ mọ́, òun ni mo padà lọ bẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà," ó ṣí ike yẹn, ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó fi ìka méjì ra á, ó ní kí n lọ bu omi wá. Ó da díẹ̀ nínú èyí tó ṣẹ́kù sínú omi, ó mì í. Gbogbo rẹ̀ léfòó. Ọ́ìlì lásán ni! Irú ọ́ìlì bẹ́ẹ̀ máa ń mú rọ́bà bíréèkì wú, rọ́bà tó bá sì ti wú nínú máásítà kì í jẹ́ kí bíréèkì tú mọ́. Máásítà tòkunbọ̀ ₦45,000, rọ́bà kálípà méjèèjì ₦12,000, ojúlówó ọ́ìlì mẹ́ta láti fọ páìpù ₦18,000, nípùlù àti títú èyí tó bàjẹ́ ₦4,000, owó iṣẹ́ ₦25,000. Ẹ kó o pọ̀ mọ́ owó ọkọ̀ tó wọ́ mi àti ₦54,500.

Mo padà síbẹ̀. Ọmọkùnrin yẹn wò mí lójú, ó ní òun ò rí mi rí.

Nítorí náà, ẹ já náílọ́ọ̀nù níwájú wọn. Tí wọn ò bá jẹ́ kí ẹ já a, ẹ máa lọ. Ẹ fi ìka dí ẹnu pọ́ńpù tí ẹ fẹ́ gbé lọ gan-an, ẹ fún un, ẹ ka oókan dé ọgbọ̀n, tí ọwọ́ géèjì bá ń bọ̀ wálẹ̀, ó ń jò nìyẹn. Sípánà nípùlù, ẹ wá èyí tó ní igun mẹ́fà tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yí i ká tán, mílímítà 8, 10 àti 11 ló wọ́pọ̀, ẹ wọn tiyín kí ẹ tó jáde nílé. Ẹ ka ohun tó wà lórí ìdérí ike ọkọ̀ yín. Tó bá ní DOT 3 tàbí DOT 4, ẹ má da DOT 5 sí i, sílíkónì nìyẹn. Ẹ fi omi dán ọ́ìlì wò kó tó kan ọkọ̀: ojúlówó DOT 3 tàbí DOT 4 máa ń pò mọ́ omi. Ẹ má jẹ́ kó ta sára ọkọ̀ o, ó ń bó ọ̀dà.

Pọ́ńpù náà ò tiẹ̀ pọn dandan! Ọ́ọ̀sì tó mọ́ gaara, ike òfìfo kan, àti ẹni tí yóò tẹ bíréèkì, ó tó. Mo mọ èyí tẹ́lẹ̀. ₦38,000!

Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé kì í ṣe gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀. Bóyá. Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rí i bó ṣe wọ ẹ̀yìn lọ, wọ́n mọ ohun tó lọ gbé, kò sí ẹni tó ṣẹ́jú sí mi nínú wọn. Láti ìsinsìnyí, ọlọ́jà tó bá ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀, màá kọ́kọ́ di àpò mi mú.

Mo ti da ìyókù ọ́ìlì yẹn sínú ìgò omi kan, mo gbé e sójú fèrèsé ilé ìdáná. Ọjọ́ kọkànlá rèé. Omi ṣì wà nísàlẹ̀, ọ́ìlì ṣì wà lókè.