Oṣù mẹ́rìnlá tí mo ti ń fi dróònù kékeré wo òrùlé

Òrùlé wíwò ni mo fi ń jẹun. Ẹni tó fẹ́ ra ilé, tàbí ẹni tí òjò ń jò sí lórí, ló máa ń pè mí pé kí n wá wo ibi tó bàjẹ́. Àkàbà ni mo fi ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tí àkàbà yọ̀, tí èmi àti rẹ̀ jọ wálẹ̀, orúnkún mi nìkan ló bó, àmọ́ kí n tó délé ni mo ti pinnu pé ojú mi ni yóò máa gun òrùlé láti ọjọ́ náà lọ.

Dróònù, ẹ̀rọ tó ń fò tó sì ní kámẹ́rà lára, ni mo wá rà, ó sì kéré. Bí mo bá ká apá rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, ọwọ́ kan gbà á. Gíráàmù 249 ni, tòun ti bátìrì. Mi ò kọ àgbéyẹ̀wò yìí fún ẹni tó fẹ́ fi ya fídíò etíkun o, irú ìyẹn ti pọ̀ níta. Ẹni tó fẹ́ fi ṣiṣẹ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ má rò pé 249 yẹn ṣèèṣì bọ́ síbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ń fi dróònù ṣeré lásán kò ní láti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí kò bá ju gíráàmù 250 lọ. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń tà á máa ń bá ọ̀rọ̀ dé. Wọn kì í sọ pé ẹni tó bá ti ń fi pawó, òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2016 mú un, dróònù náà ì báà fúyẹ́ bí ìyẹ́. Yóò ṣe ìdánwò, yóò gba ìwé àṣẹ. Ní Japan, láti oṣù kẹfà ọdún 2022, gíráàmù 100 ni wọ́n ti ń béèrè orúkọ. Ẹ ka òfin ibi tí ẹ wà kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ ọlọ́jà gbọ́.

Iṣẹ́ gan-an wá ńkọ́? Ó mọ̀ ọ́n ṣe. Òrùlé tí èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi máa ń fi ìdajì ọjọ́ gùn, ogún ìṣẹ́jú ni mo fi ń ya gbogbo rẹ̀ báyìí. Ìṣó tó dípẹtà, páànù tí afẹ́fẹ́ ti ká létí, gọ́tà tí ewé ti dí, gbogbo rẹ̀ ló ń hàn. Ohun tó pẹ́ kí n tó mọ̀ ni pé ọ̀sán gangan kò dára fún un. Oòrùn àtàrí a máa sọ gbogbo nǹkan di pẹrẹsẹ. Àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ, nígbà tí oòrùn ń fi ẹ̀gbẹ́ wo òrùlé: òjìji á bọ́ sínú kòtò kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sì rí ibi tí igi abẹ́ rẹ̀ ti ń rọ̀. Ẹ má sì fi ojú fóònù dájọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti sọ fún oníbàárà pé òrùlé rẹ̀ pé, tí mo délé, tí mo gbé àwòrán sórí kọ̀ǹpútà, tí mo rí ihò. Ìtìjú ni mo fi pè wọ́n padà.

Àmọ́ kámẹ́rà kò ní ẹsẹ̀. Páànù lè máa dán lókè kí igi tó gbé e ró ti jẹrà, ìgbà tí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ ló ń mọ̀. Nítorí náà àkàbà ṣì wà lẹ́yìn ọkọ̀ mi.

Bátìrì ni mo ní ẹjọ́ rẹ̀ láti rò. Ìṣẹ́jú 31 ni wọ́n kọ sára páálí. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n ibi tí atẹ́gùn kò sí, tí dróònù ń lọ jẹ́jẹ́, ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Lọ́dọ̀ tèmi, 22 ni, torí mi ò kì í jẹ́ kó lọ sí ìsàlẹ̀ ìdá 30 nínú 100 kí n tó pè é wálé. Bátìrì mẹ́ta ni kí ẹ rà, ẹ má fi kan bẹ̀rẹ̀. Mo fi ọ̀kan sílẹ̀ ní kíkún fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó sì wú bí ikùn ẹni tó yó. Bí ẹ kò bá ní lò ó, ẹ fi í sí nǹkan bí ìdajì.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí bóyá ó lè gbé ẹrù. Kò lè gbé e. Wọ́n ti gbọ́ nípa ilé-iṣẹ́ Zipline, tó ń fi dróònù gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ní Rwanda láti ọdún 2016. Irú ìyẹn ní ìyẹ́ bíi ọkọ̀ òfuurufú, ìyẹ́ náà ló ń gbé e dúró lójú ọ̀run, páráṣúùtì ni wọ́n sì fi ń ju ẹrù sílẹ̀. Tèmi, kó dúró sójú kan lásán, abẹ̀bẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń yí lórí apá rẹ̀ ní láti máa jà, agbára bátìrì ni gbogbo rẹ̀ sì ń jẹ. Kódà àwọn ńlá tí ń wọ́n oògùn sí oko, tó ń gbé lítà 10, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n ń lò bí ikùn wọn bá kún.

Mo ti já a lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀bi mi sì ni. Bí rìmóòtù bá pàdánù rẹ̀, á gòkè dé ibi gíga tí ẹ ti yàn fún un, á wá gba ọ̀nà tààrà padà wálé. Mítà 20 ni mo fi í sí. Igi tó wà láàárín wa ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Abẹ̀bẹ̀ méjì ló kán, kámẹ́rà kò fara pa, Ọlọ́run ló yọ mí. Láti ìgbà náà, mo máa ń wo ohun tó ga jù láyìíká kí n tó tan iná rẹ̀. Ẹ má sì gbé e fò látorí páànù tàbí ọkọ̀: irin ń da kọ́ńpáàsì tó fi ń mọ ọ̀nà rú. Tí àwòdì bá ń yí i ká, ẹ má sá sílẹ̀, òkè ni kí ẹ gbà kíákíá, torí ìsàlẹ̀ ni ẹyẹ náà mọ̀ ọ́n já sí.

Nípa aládùúgbò, mo máa ń kan ilẹ̀kùn kí n tó fò, torí ariwo rẹ̀ dà bíi ti oyin, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kí kámẹ́rà yọjú sí àgbàlá òun láìgbọ́.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Èyí tó kù lọ fún atẹ́gùn: ọjọ́ tí igi bá ń mì dáadáa, inú àpò ni dróònù yìí ń wà, oníbàárà á sì ní láti dúró dọ̀la.